Báwo ni fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń yí padà ṣe lè máa wọ dátábéèsì fúnra rẹ̀?
Ẹ bèèrè nípa fáìlì ìwọ̀n kajú tó ń ti Kabba wá lójoojúmọ́, tí déètì ń yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ kọ apá tí kì í yí padà, kí ẹ sì fi àmì ìràwọ̀ dípò ìyókù, bíi kaju_*.csv. \copy, àṣẹ tó ń kó fáìlì wọ dátábéèsì PostgreSQL, kò mọ ìràwọ̀ yìí; bash, ètò tó ń ka àṣẹ tí a tẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, ni yóò tú u sí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un, máa pe àṣẹ bash yìí ní aago 2 òru (bí a ṣe ń kọ ọ́ fún cron: 0 2 * * *), àmọ́ bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà sì kú (ẹ mọ ìlú wa), cron kò ní padà sí iṣẹ́ tó ti kọjá. Anacron, ètò mìíràn tó jọ cron, ló ń padà sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fáìlì tó bá wọlé láìsí àṣìṣe nìkan ni kí ẹ gbé lọ sí fódà mìíràn, kí ó má baà wọlé lẹ́ẹ̀mejì.