Ìdáhùn: Ṣé káàdì PCI-104 lè bá bọ́ọ̀dù PC/104 àtijọ́ ṣiṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì PCI-104 lé orí bọ́ọ̀dù CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) PC/104 yín àtijọ́, irú bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń tò léra wọn, nítorí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín sọ pé ìwọ̀n kan náà ni méjèèjì. Òótọ́ ni, mìlímítà 90 ní ìbú àti 96 ní gígùn ni wọ́n, ihò ìdè wọn sì bára mu. Ṣùgbọ́n wọn kò lè bára wọn sọ̀rọ̀. ISA, ọ̀nà àtijọ́ tí káàdì fi ń bá CPU sọ̀rọ̀, ni PC/104, tí wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1992, ń lò, pẹ̀lú pínnì 64 àti 40. PCI-104 kò ní ISA rárá, pínnì 120 ti PCI, ọ̀nà tó dé lẹ́yìn ISA, nìkan ló ní, òdìkejì etí bọ́ọ̀dù ni wọ́n sì tò ó sí. CPU PC/104-Plus ló ní ìsopọ̀ méjèèjì.

Ohun tí ẹ kò béèrè ni mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí, nítorí ojú mi rí nǹkan níbẹ̀. Ní ibi iṣẹ́ wa, a to káàdì PCI méjì lé orí CPU PC/104-Plus kan. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, á ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí méjèèjì bá jọ wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á rí ọ̀kan, kò ní rí èkejì, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní tàn. Ògbóǹtarìgì tí a pè, tí owó rẹ̀ kò kéré, ní kí a tún Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, fi sínú rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, ó ní kí a pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fún un níná. Lẹ́yìn náà ló wá ń di ẹ̀bi ru ooru inú ilé. Kò fìgbà kankan wo súwíìṣì róbótó tó wà létí káàdì kọ̀ọ̀kan. Orí 0 ni àwọn tó tà wọ́n fi méjèèjì sí, ìwé inú páálí kò sì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Súwíìṣì yẹn ló ń sọ ipò tí káàdì wà, láti 0 dé 3. Ipò kọ̀ọ̀kan ní okùn aago tirẹ̀ (èyí tó ń sọ ìgbà tí káàdì yóò ṣiṣẹ́), okùn ìdánimọ̀ tirẹ̀, àti okùn tí ó fi ń tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀. Bí méjì bá wà ní ipò kan náà, ó dà bí ìgbà tí a pe Táyé tí Kẹ́hìndé náà ń dáhùn. Ẹ fi èyí tó súnmọ́ CPU jù lọ sí 0, kí èyí tó tẹ̀lé e wà ní 1, nítorí wọ́n ti wọn gígùn okùn aago lórí CPU kí àmì lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn káàdì mìíràn ń lo jumper (ìdè kékeré tí a fi ń so pínnì méjì pọ̀) dípò súwíìṣì.

Bí ẹ bá rí ihò tí wọ́n dí nínú ìsopọ̀ PCI, ẹ má ṣe tú u, ẹ má sì gé pínnì kankan kí ó lè wọlé, nítorí òun ló ń ya káàdì volt 5 sọ́tọ̀ kúrò lára ti volt 3.3. Ẹ ṣọ́ra fún bọ́ọ̀dù CubeSat (sátẹ́láìtì kékeré) náà: ọ̀pọ̀ wọn yá ìwọ̀n PC/104 àti pínnì 104 lò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí pínnì wọn ń ṣe kì í ṣe ti ISA, ẹ sì lè fi jó CPU yín.

Bí owó CPU tuntun kò bá sí, ẹ wá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì PC/104 tó ń lo ISA, kí ẹ sì fún un ní IRQ (nọ́ńbà okùn tí káàdì fi ń pe CPU) tí káàdì mìíràn kò lò.