Báwo ni mo ṣe máa ya Zangbeto kó hàn pé ó ń pòòyì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya Zangbeto, eégún oníìko àwọn Ògù, ní Àgbádárìgì lọ́sàn-án gangan. Eré tó ń sá yípo pọ̀, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, àfi bí òkìtì ìko tó dúró sójú kan. Kámẹ́rà Canon ni mo lò, mo fi í sí Auto, kó máa yan gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, kámẹ́rà ló yára jù. Nínú oòrùn ọ̀sán, Auto lè ṣí shutter (ìlẹ̀kùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ kámẹ́rà) kó sì pa á dé láàárín 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá. Ìko wo ló fẹ́ rìn jìnnà láàárín ìyẹn?

Yí bọ́tìnnì roboto orí kámẹ́rà sí Tv (S ni ti Nikon), níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti máa yan ìyára shutter. Fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára sí, sí 100, shutter sí 1/15. Ní 1/60, etí ìko nìkan ló máa fà díẹ̀. Ní 1/4, ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè má mọ̀ pé Zangbeto ni mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Bí nọ́ńbà f tó tóbi jù (ìwọ̀n ihò inú lẹ́ńsì) bá ń ṣẹ́jú sí ọ, oòrùn ti pọ̀ jù nìyẹn, fọ́tò á funfun báláú. Dígí dúdú tí à ń pè ní ND8 máa ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ó dáa, àmọ́ èmi ò ní ní kí o ná owó lé e báyìí: abẹ́ ibòji tàbí ìrọ̀lẹ́ á ṣe é fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò kà sí ni pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ dúró gbọin-in nínú fọ́tò náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bàìbàì, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n. Lo tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé, tàbí kí o jókòó, kí o gbé ìgúnpá lé orúnkún. Lẹ́yìn náà, wá ẹni tí kò mira fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Zangbeto: àgbà tó jókòó sórí àga, tàbí onílù. Ọwọ́ onílù á bàìbàì, ojú rẹ̀ á ṣì hàn kedere. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Yà á lọ́pọ̀ ìgbà, torí díẹ̀ ló máa dáa níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ fóònù ni, wò ó bóyá Pro wà nínú kámẹ́rà rẹ̀, ibẹ̀ ni wàá ti yí shutter àti ISO.

Kí o tó gbé tripod kalẹ̀, tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́ Zangbeto, kí o sì jìnnà díẹ̀. Bó bá ń yí bọ̀, kì í yà fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.