Ọ̀rinrin Inú Àpò Ọdẹ: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ ni àwọn ọdẹ àti àwọn ará ilé ọdẹ ti ń kọ̀wé sí wa lórí ọta tí kò dún, aṣọ tó ń bu àti ẹ̀tù tó di ìṣùpọ̀. Mẹ́ta la yàn nínú àwọn lẹ́tà náà lóṣù yìí. A gé wọn kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò yí ọ̀rọ̀ inú wọn padà.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbọn ẹlẹ́nu kan ni mo ń lò, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti oko wa lápá Ìlobùú, òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà, àpò mi sì rẹ gbindin. Ọjọ́ kejì ni mo tó rántí tú u. Mo kó kátíríìjì 14 tó wà nínú rẹ̀ sórí àjà ìdáná ìyá mi kí wọ́n lè gbẹ. Nígbà tí mo padà sí igbó lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀kan kò dún rárá, èkejì sì dún pẹ́ẹ́ bí ẹni tó wúkọ́. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́, ṣé mo sì lè lo 12 tó kù? — Ọmọ Ọdẹ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu. Kí n tó dé orí àjà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú kátíríìjì tó wúkọ́ yẹn, nítorí òun ló lè gba ọwọ́ tàbí ojú lára ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀tù inú kátíríìjì bá ti gba omi, ó lè jẹ́ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ni yóò gbiná, agbára rẹ̀ kò sì ní tó láti ti ike tó wà láàárín ẹ̀tù àti ọta wẹ́wẹ́ jáde ní ẹnu ìbọn. Ike náà yóò há sí ojú ọ̀nà. Bí ọdẹ bá wá ki òmíràn bọ inú ìbọn náà, tó sì yìn ín, agbára èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò ní ríbi gbà, irin ìbọn ni yóò ya. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ohùn ìbọn bá rẹlẹ̀ ju bí ẹ ti mọ̀ ọ́n lọ, bí ẹran tilẹ̀ dúró níwájú yín, ẹ yọ èéfọ́ kátíríìjì náà, ẹ wo ihò ìbọn láti ìdí títí dé ẹnu, kí ẹ sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá kí ẹ tó ronú òmíràn.

Èyí tí kò dún rárá ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú síbi tí kò sí ènìyàn, ẹ má sì ṣí i kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé, ó kéré tán. Èmi fúnra mi a máa ka ìṣẹ́jú kan gbáko, nítorí iná lè máa rá nínú ẹ̀tù tó ti rin kí ó tó gbiná lójijì, ẹni tó bá sì ti kánjú ṣí ìbọn rẹ̀ ni yóò gba gbogbo rẹ̀ sójú.

Ó wá ku àjà. Mo mọ̀ pé orí àjà ìdáná ni wọ́n tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà sí, ibẹ̀ sì dára fún ẹran gbígbẹ àti fún àgbàdo tí a fẹ́ fi ṣe irúgbìn. Kò dára fún kátíríìjì. Ọ̀nà tóóró ni omi máa ń gbà wọ inú rẹ̀, bóyá láti etí ibi tí wọ́n ká ẹnu rẹ̀ pọ̀ sí, bóyá láti etí ojú kékeré tó wà láàárín ìdí idẹ, níbi tí irin ìbọn máa ń gbá; ooru kò lè fa omi náà jáde ní ọ̀nà kan náà bí ẹni fa okùn. Ohun tí ooru ń ṣe ni pé ó ń ba ẹ̀tù jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mú kí ike rọ. Bí ọ̀kan bá já bọ́ sínú iná láti orí àjà ńkọ́? Ẹ̀bi kan náà ni ti àwọn tó ń sá kátíríìjì sójú oòrùn, tàbí tí wọ́n ń gbé e síwájú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa, níbi tí ooru lè kọjá 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́sàn-án gangan. Aṣọ gbígbẹ ni ẹ fi ń nu kátíríìjì, kí ẹ sì tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn wà, lábẹ́ òjìji, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé.

Ní ti 12 tó kù, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má lò wọ́n. Bí òjò bá kàn ta sí kátíríìjì oníke lára, tí ẹ sì nù ún lọ́gán, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí tó sun inú àpò rírẹ mọ́jú, tó tún lọ yáná, méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti jẹ́rìí lòdì sí i, owó rẹ̀ ti wọgbó. Bí ó bá jẹ́ ti ayé àtijọ́ tí páálí jẹ́ ara rẹ̀, ẹ kò tilẹ̀ ní nílò ìmọ̀ràn, nítorí yóò wú débi pé kò ní wọ inú ìbọn mọ́. Ike máa ń tan ènìyàn jẹ: ara rẹ̀ á máa dán, inú rẹ̀ á sì ti bàjẹ́. Ìdí idẹ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí ó bá ti yọ àwọ̀ ewé, tàbí tí ẹnu tí wọ́n ká pọ̀ bá ti ń là, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́tà yín fúnra rẹ̀ ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́: ọjọ́ kejì ni ẹ tó tú àpò. Òjò tó pa ènìyàn fún wákàtí kan kì í ṣe ọta ní nǹkan bí ọ̀rinrin tí a tì mọ́ inú àpò títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo rò pé mo gbọ́n, mo di kátíríìjì mi sínú ọ̀rá, mo so ó ní ìdè mẹ́ta, mo sì gbé e sábẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí mo tú u, inú ọ̀rá náà ti láàgùn bí ara ìgò omi tútù. Kì í ṣe pé omi jò wọlé. Atẹ́gùn ìgbà òjò tí mo dì mọ́ inú rẹ̀ ló ní omi nínú, nígbà tí òtútù òru sì mú un, omi náà kán sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún ẹni tó gbé kátíríìjì rẹ̀ kúrò nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, tó sì ṣí i lójijì síta nínú ooru. Kí ó jẹ́ kí agolo tó kó o sí wà ní dídé títí ara rẹ̀ yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó tó ṣí i.

Agolo oníke tí ìdérí rẹ̀ ní róbà, tó sì ń dé pinpin, ló dára fún kíkó kátíríìjì sí, kí ẹ sì ṣí i wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àpò kékeré tó kún fún hóró wínníwínní, èyí tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun tí àwọn ọmọ sì máa ń sọ nù, ni kí ẹ máa kó pamọ́, kí ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sínú agolo náà, nítorí ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Ìrẹsì tí a kò tíì sè tí àwọn kan ń lò kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọta. Ẹ má fi òróró tàbí òrí pa kátíríìjì lára, nítorí òróró lè rá wọ ojú kékeré ìdí idẹ yẹn, kí ó sì pa iná inú rẹ̀. Mélòó kan tí ẹ ó lò lálẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ kó dání. Kí lẹ fẹ́ fi 14 ṣe ní òru kan ṣoṣo?

Ohun mìíràn ni pé páálí tí wọ́n fi tà wọ́n kò gbọdọ̀ fà ya nínú òjò kí nọ́ńbà ara rẹ̀ sì sọnù. Kátíríìjì nọ́ńbà 20, tó tín-ín-rín ju nọ́ńbà 12 lọ, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì máa ń fi àwọ̀ ìyeyè ṣe, lè yọ́ wọ inú ìbọn nọ́ńbà 12 kí ó sì há síwájú. Bí nọ́ńbà 12 bá wá wọlé tẹ̀ lé e, ìbọn yóò fọ́. Bí ẹ bá sì ṣì ń lo àtùpà kábáàdì, àpò ọ̀tọ̀ ni kí kábáàdì wà, nítorí tí omi bá kàn án, gáàsì tó ń gbiná ló ń tú jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi ní gbérí kan, ẹ̀wù ọdẹ tó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, oǹdè sì pọ̀ lára rẹ̀, nítorí náà wọn kì í fọ̀ ọ́. Ní gbogbo ìgbà òjò ni ó máa ń bu tí òórùn rẹ̀ sì ń gba yàrá kan. Mo fi káńfọ̀ sí i, kò gbọ́. Àwọn ọmọ ní kí n ra aṣọ òjò róbà fún bàbá wọn. — Ìyàwó Ọdẹ, Òkè-Fíà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Kòkòrò ni káńfọ̀ ń lé, kò lágbára lórí ọ̀rinrin, òórùn rẹ̀ sì ń ta ẹran lólobó kí ọkọ yín tó dé ìdí igi. Òwú ni kíjìpá tí wọ́n fi rán irú gbérí bẹ́ẹ̀. Òwú a máa mu omi bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kì í sì í tètè dá a padà, pàápàá lábẹ́ oǹdè níbi tí awọ bo aṣọ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni bíbu náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ yín bá ti ti igbó dé, bó ti wù kí ó rẹ̀ wọ́n tó, kí wọ́n yí gbérí náà síta-sínú, kí wọ́n fi igi gbọọrọ la apá rẹ̀ já, kí ẹ̀yìn àti iwájú má lẹ̀ mọ́ra, kí ó sì wà lábẹ́ òrùlé níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Kò gbọdọ̀ padà sínú àpótí títí abẹ́ oǹdè yóò fi gbẹ, ìyẹn sì lè gbà tó ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù Kẹsàn-án. Ẹ má gbé e súnmọ́ iná, nítorí awọ tó rẹ tí iná sì gbẹ yóò le, yóò sì sán. Èyí tó ti bu, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n níta, kì í ṣe nínú yàrá tí ẹ ń sùn, kí wọ́n sì fi òrí díẹ̀ ra awọ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbẹ tán.

Àwọn ọmọ kò ṣìṣe pátápátá. Aṣọ òjò róbà ń lé omi òkè, ṣùgbọ́n ó ń sé òógùn mọ́ abẹ́ rẹ̀; ẹni tó bá fi rin máìlì méjì yóò dé ibi ìdẹ̀gbẹ́ ní rírẹ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò wọ nǹkan kan. Ó tún ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú igbó. Lójú tèmi, kí wọ́n máa ká a mọ́ àpò, kí wọ́n wọ̀ ọ́ nígbà tí òjò bá dé tàbí nígbà tí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n sì bọ́ ọ nígbà tí wọ́n bá ń rìn. Àwọn kan máa ń fi àbẹ́là ra ẹ̀wù kànfáàsì, wọ́n á sì fi áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè wọlé. Ó ń lé omi dáadáa, ṣùgbọ́n irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ lè gbiná wàrà, kò sì yẹ kí ó súnmọ́ àtùpà. Gbérí olóǹdè kọ́ ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí o. Ní ti bàtà, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí ẹ ki bọ inú rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti mu omi yó.

ÌBÉÈRÈ: A fẹ́ ṣe ìṣípà, ètò ìkẹyìn ọdẹ, fún àgbà ọdẹ wa kan tó ti dolóògbé, ṣakabùlà ni a ó sì yìn. Ẹ̀tù tó wà nílẹ̀ ti di ìṣùpọ̀. Ẹnì kan ní kí a yan án díẹ̀ nínú agbada. — Ọmọ Ẹgbẹ́ Ọdẹ, Ayétòrò.

ÌDÁHÙN: Ẹ má yan án! Ẹ̀tù dúdú kò nílò ju ẹ̀ta iná kan lọ láti sọ ìdáná di ahoro. Nínú ìdá 100 rẹ̀, nǹkan bí 75 jẹ́ iyọ̀ ẹ̀tù, 15 jẹ́ èédú, 10 sì jẹ́ imí ọjọ́. Nígbà tí omi bá wọ inú rẹ̀, iyọ̀ náà yóò yọ́, yóò sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, kò sì ní padà pò mọ́ àwọn ìyókù bí ó ti wà, bó tilẹ̀ gbẹ kanrankanran. Ẹ ra tuntun níbi tí òfin gbà. Àṣẹ́kù tó ń wà nínú ìbọn lẹ́yìn yíyìn náà máa ń fa omi, nítorí náà omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ihò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìṣípà gan-an, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi òróró sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ti dógùn-ún kí àlejò tó tú ká.

Ẹ̀tù tó bàjẹ́ àti kátíríìjì tí a kò lè lò mọ́, ti Ọmọ Ọdẹ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun náà wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ lọ sí ààtàn, nítorí iná ni a máa ń sọ sí ààtàn. Kò sì gbọdọ̀ lọ sínú odò Ọ̀ṣun. Májèlé ni òjé tó wà nínú ọta, omi náà sì ni ó ń gba inú Igbó Ọ̀ṣun kọjá, níbi tí èèwọ̀ kò ti gbà wá láyè láti pa ẹja kan ṣoṣo. Ẹni tó tà á fún yín pẹ̀lú ìwé àṣẹ, tàbí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín, ni kí ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí ẹ ó kó o sí, kí ẹ sì mú ìwé ìbọn yín dání lọ.