Mo ti pa gbogbo ohun tó ṣí, ó ṣì ń sọ "Files in Use"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Púrójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la máa ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, nítòsí North Gate FUTA ní Àkúrẹ́. Mo fẹ́ fi LibreOffice tuntun, sọ́fítíwíà tí a fi ń tẹ ìwé, rọ́pò ti àtijọ́ lórí Windows 10, àmọ́ "Files in Use" (pé nǹkan kan ṣì ń lo àwọn fáìlì náà) ló ń gbé wá. Mo ti pa gbogbo ohun tó ṣí. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, pàbó ló já sí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ló ń hàn lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Windows kì í gbà kí wọ́n pààrọ̀ fáìlì tí sọ́fítíwíà kan ṣì dì mú.

Quickstarter, apá kan lára LibreOffice fúnra rẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí wọ́n bá ti yàn án nínú LibreOffice, gbàrà tí ẹ bá ti wọlé sórí Windows lòun náà ń jí, kí LibreOffice lè tètè ṣí. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí ẹ ṣe tan kọ̀ǹpútà padà ló tún mú fáìlì dání. Ẹ wo àwọn àmì kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago nísàlẹ̀, ẹ fi bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ tirẹ̀, kí ẹ yan Exit Quickstarter.

Bí ẹ kò bá rí i ńkọ́? Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Lábẹ́ Details nínú Task Manager, ẹ wá soffice.bin àti soffice.exe, tí í ṣe LibreOffice fúnra rẹ̀, kí ẹ tẹ End task. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ oníbàárà pamọ́ ná, torí End task kì í béèrè bóyá ẹ ti fi nǹkan pamọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Retry lórí "Files in Use" náà.

Bó bá tún kọ̀, Restart ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe Shut down. Láti ìgbà Windows 8 ni Fast Startup ti wà: bí ẹ bá tẹ Shut down, Windows á kọ ipò tí kernel (ọkàn Windows gan-an) àti àwọn dráífà (sọ́fítíwíà tó ń darí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà) wà sórí díìsìkì, á sì gbé e padà bó ṣe wà nígbà tí ẹ bá tan án. Restart kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀tun ló ń bẹ̀rẹ̀.

Fáìlì míì tí ẹ kò mọ ẹni tó dì í mú, ẹ tẹ resmon sínú àpótí ìwáǹkan Windows, ẹ lọ sí CPU, kí ẹ kọ díẹ̀ lára orúkọ fáìlì náà sí Associated Handles. Bó bá jẹ́ DLL (fáìlì tí àwọn sọ́fítíwíà jọ máa ń lò, tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .dll), ẹ kọ tasklist /m àti orúkọ rẹ̀ sínú Command Prompt.

Bí ẹ bá yàn lórí "Files in Use" pé kí ètò tó ń gbé LibreOffice tuntun wọlé máa báṣẹ́ lọ láìpa sọ́fítíwíà kankan, ìgbà tí ẹ bá tẹ Restart ló máa pààrọ̀ àwọn fáìlì tó kù. Ẹ má ṣe fi LibreOffice tẹ iṣẹ́ kankan títí dìgbà náà, torí fáìlì àtijọ́ àti tuntun ti dàpọ̀ mọ́ra. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ bí epo jẹnẹrétọ̀ bá ti ń tán lọ.