Ẹ má tíì ra kábúrẹ́tọ̀ tuntun

Ẹ ní alùpùpù yín wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, pé ṣóòkì nìkan ló ń bá a gbéra, bí ẹ bá sì ti dá ṣóòkì padà, ó ti kú nìyẹn. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ ra kábúrẹ́tọ̀ mìíràn, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Èmi ti rà á rí nítorí àìsàn yìí gan-an. Jẹ́ẹ̀tì inú tuntun náà, ìyẹn nǹkan kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá, kò bá ẹ́ńjìnì mi mu, ọ̀rọ̀ sì wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ṣóòkì ni pé kó jẹ́ kí epo tó ń wọ ẹ́ńjìnì pọ̀ sí i ju afẹ́fẹ́ lọ bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. Tí máṣíìnì bá ti gbóná tán tó ṣì ń fẹ́ ṣóòkì, a jẹ́ pé epo tó yẹ kó máa rí lásán kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì kékeré kan ló ń fún un ní epo yẹn tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní slow jet. Ti ọ̀pọ̀ alùpùpù, ihò rẹ̀ kì í tó ìdajì mílímítà. Bí epo bá sùn síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á gbẹ lọ, ìyókù á di oje tó ń lẹ̀, á pọ́n bí oyin, á sì máa rùn bí ọ̀dà. Oje yẹn ló dí ihò náà pa.

Ibi tí mo ti jìyà jù nìyí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tú jẹ́ẹ̀tì yẹn jáde, mo gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀, n kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan nínú ihò rẹ̀. Mo mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, mo tì í bọ inú rẹ̀, mo ń yí i títí ó fi là. Inú mi dùn gan-an. N kò rò ó pé idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, pé irin abẹ́rẹ́ le jù ú lọ, pé ṣe ni mò ń gbẹ́ ihò náà fẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni pílọ́ọ̀gì ti ń dúdú bí ìdí ìkòkò, tí èéfín ń rùn fún epo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá àìsàn náà káàkiri. Mo pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, mo fọ asẹ́ afẹ́fẹ́, mo yẹ wáyà wò, kí n tó wá ra jẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà kan náà tí wọ́n tẹ̀ sára ti àtijọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ló padà bọ̀ sípò.

Nítorí náà, ẹ rẹ jẹ́ẹ̀tì náà sínú oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrẹ́tọ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Tó bá ṣì ṣorí kunkun, ẹ bó wáyà iná, kí ẹ yọ fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ihò náà lọ. Ẹ kàn fi gba inú rẹ̀ kọjá ni, ẹ má yí i. Ẹ tún gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: ihò tó mọ́ máa ń rí roboto, etí rẹ̀ á mú. Tó bá rí wúruwùru, ẹ tún un rẹ. Ẹ fọ ihò tí jẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ nínú kábúrẹ́tọ̀ náà pẹ̀lú, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo rọ́bà kúrò, oògùn yẹn máa ń mú wọn wú. Kí ẹ sì wọ awò ojú! Ẹ ó fín in sí ihò kan, á ta jáde ní òmíràn tí ẹ kò fọkàn sí. Ó ti ta sí mi lójú rí, n kò lè lajú dáadáa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Tó bá jẹ́ alùpùpù Japan ni, ẹ wá skurudráifà JIS, èyí tí wọ́n ṣe fún síkúrúù àwọn ará Japan. Ti Phillips, irú tó wọ́pọ̀ tí orí rẹ̀ rí bí àgbélébùú, kì í jókòó dáadáa sórí síkúrúù wọn, á kàn bó o lórí ni. Síkúrúù kékeré tó ń wọn epo pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ńkọ́? Kí ẹ tó tú u, ẹ rọra yí i wọlé, kí ẹ máa ka iye ìgbà tó yí kó tó kanlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fún un o, orí rẹ̀ tó ṣóńṣó lè kán sínú.

Ìta ni kí ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára epo wúwo, ilẹ̀ ló máa ń bá lọ, ó sì lè dé ibi tí iná wà kí ẹ tó fura.

Tí jẹ́ẹ̀tì bá wá mọ́ tán tí máṣíìnì ṣì ń kú, rọ́bà tó so kábúrẹ́tọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ fa ṣóòkì kó lè máa ṣiṣẹ́, kí ẹ wá fín omi díẹ̀díẹ̀ yí rọ́bà náà ká. Níbi tí ohùn ẹ́ńjìnì bá ti yí padà, ibẹ̀ ló ti sán.