Ẹja Kò Sí Níbi Tí Ẹ Ti Rí I

Arákùnrin wa láti Ilé-Ifẹ̀ béèrè irú ọrun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fi ọfà pa ẹja kọ́kọ́ rà, ó sì fi kún un pé òun ti ta ọfà tó ogún sí àwọn epìyà tí òun ń fi ojú ara òun rí kedere, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ba ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ọfà tí kò bà yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé bí a bá gbé ọrun tí ó wọ́n jù lọ lé e lọ́wọ́ lónìí, ibi tí ó ń ta ọfà sí tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣì máa ta á sí. Iléṣà ni mo ń gbé, mo sì lo odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan láìpa ẹja kan ṣoṣo kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó yé mi.

Ìmọ́lẹ̀ a máa tẹ̀ nígbà tí ó bá ń ti inú omi jáde sínú afẹ́fẹ́, ìdí sì nìyí tí ẹja fi máa ń hàn sí wa lókè ju ibi tí ó wà gan-an lọ. Bí ẹ bá dúró lókè ẹja tí ó wà ní íǹṣì 12 nísàlẹ̀ omi, bí íǹṣì 9 ni yóò rí lójú yín. Bí ẹ bá sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ní ọ̀ọ́kán, ẹ̀tàn náà tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan, mo ti ọ̀pá gígùn kan bọ inú odò Ọ̀wẹnà, mo sì rí i tí ó dà bí ẹni pé ó ṣẹ́ ní ojú omi, tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbé sókè bí apá ẹni tí ó rọ. Mo fi ọwọ́ tọ ọ̀pá náà láti òkè títí tí ọwọ́ mi fi kan ẹrẹ̀, kò sì sí ibi tí ó ti wọ́. Ojú ní ó ṣẹ́, ọwọ́ ní ó tọ́, ojú ni mo sì ti ń gbàgbọ́ láti oṣù mẹ́rin.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ọfà pa ẹja gar àti carp, ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tuntun: bí ẹja bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ẹni tí ń ta á, tí ó sì wà ní ẹsẹ̀ 1 nísàlẹ̀ omi, kí onítọ̀hún dojú ọfà kọ íǹṣì 4 sí abẹ́ ibi tí ó ti rí i, bí ó bá wà ní ẹsẹ̀ 2 nísàlẹ̀, íǹṣì 8 ni. Ó wúlò fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí epìyà tí yóò dúró de ẹni tí ń ka íǹṣì. Ohun tí ó là mí lójú ni ike omi mẹ́ta tí mo rọ iyanrìn àti omi kún, tí mo sì rì sí ibi tí ìsàlẹ̀ odò ti jẹ́ ẹrẹ̀, kí òkúta má bàa ba ẹnu ọfà jẹ́: ọ̀kan ní ibi tí omi dé orúnkún mi, ọ̀kan ní ibi tí ó dé itan, ọ̀kan ní ibi tí ó dé ìbàdí, mo sì ń ta ọfà sí wọn. Ní ọjọ́ kìíní, gbogbo ọfà mi ni ó gba orí wọn kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọwọ́ mi ti ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí n tó ronú. Ẹ má ṣe tọ ẹja lọ mọ́ títí tí ẹ ó fi ṣe èyí.

Ọ̀rọ̀ okùn tí a fi ń fa ọfà àti ẹja padà ló kàn, òun ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú kan lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìdí ọfà ni mo máa ń so okùn mọ́, èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù, mo máa ń wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, okùn náà lọ́ mọ́ ọsán ọrun, èyí tí a ń fà láti ta ọfà, láìjẹ́ pé mo rí i. Mo ta ọfà, ó lọ bí apá méjì, okùn fà á padà, ìdí rẹ̀ sì bá mi ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní abẹ́ ojú. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo òrùka kékeré tí ó máa ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lára ọfà: òrùka ni a so okùn mọ́, a sì fi ìdènà sí ìdí ọfà kí òrùka má bàa bọ́. Bí a bá ti fi ọfà kọ́ ọsán, a ó ti òrùka náà lọ sí iwájú igi ọrun, tí okùn kò fi ní sún mọ́ ọsán rárá. Nígbà tí ọfà bá fò, òrùka yóò sún padà sí ìdí rẹ̀. Okùn yòókù wà lára agolo mílíìkì tí mo dè mọ́ iwájú ọrun, ẹnu agolo kọ iwájú, kí okùn lè máa tú láìfà. Ẹ má ṣe wé okùn mọ́ ara yín láé.

Nípa ọrun tí ẹ béèrè, èyíkéyìí tí agbára fífà rẹ̀ bá tó pọ́ùn 30 sí 40 yóò ṣe é, ìbáà jẹ́ èyí tí agbẹ́gi gbẹ́, nítorí pé ẹja tí ẹ máa ta kì í jìnnà. Ọfà ni kí ẹ náwó sí. Èyí tí mo fi ọparun ṣe fúyẹ́ jù, omi a sì máa dá a dúró; ọfà fáíbà tí ó wúwo ni ó ń dé ìsàlẹ̀. Ẹ má fi ìyẹ́ sí i, nítorí ìyẹ́ yóò máa darí rẹ̀ gba ibòmíràn nínú omi. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìkọ́, èyí tí alágbẹ̀dẹ lè rọ, nítorí ẹja àkọ́kọ́ tí mo bà yọ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ẹsẹ̀ odò pẹ̀lú ihò lára.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi bá mọ́. Lágbègbè wa níhìn-ín, àwọn tí ń wa wúrà ti sọ ọ̀pọ̀ odò di bíi tíì onímílíìkì, ẹja tí a kò sì rí kò ṣeé ta. Bí ó tilẹ̀ ṣeé ta, èmi kò ní jẹ ẹ́, nítorí mákíúrì tí wọ́n fi ń fọ wúrà. Adágún Ọpa tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sún mọ́ yín, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń fà sí ilé ni, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé ọrun débẹ̀. Ẹ wá awò dúdú tí wọ́n ń pè ní polarized, tí yóò pa dídán ojú omi. Bí ẹ bá gbé méjì léra, tí ẹ sì yí ọ̀kan, tí ibẹ̀ ṣókùnkùn, ojúlówó ni. Ẹ sì máa ṣọ́ àrọ̀, nítorí ó máa ń gòkè wá mí sínú láti ojú omi, ìgbà náà ni ẹ̀tàn omi sì kéré jù lọ. Ẹ má ṣe ta ọfà ní ìdẹ̀gbẹ́ sí ìhà ibi tí ènìyàn wà ní òdìkejì, nítorí ọfà a máa ta lójú omi bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù.

Bí ẹ bá ti ṣe ti ike omi náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà wá sọ iye tí ẹ bà nínú ọfà mẹ́wàá, kí a tó wá máa sọ̀rọ̀ nípa iye owó ọrun.