Má tíì ta fàdákà màmá rẹ, wọ̀n ọ́n fúnra rẹ ná

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà àti owó ṣílè àtijọ́ tí màmá yín fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ ní Ìsánlú, pé iye tí oníṣòwò dá lé e jìnnà sí èyí tí o rí lórí fóònù, o wá ń bèèrè bóyá ó fẹ́ rẹ́ ọ jẹ. Owó tó dá lé e nìkan kò fi í hàn bí ẹni tó fẹ́ rẹ́ ọ jẹ. Orí òṣùwọ̀n ni kí o ti ṣọ́ ọ. Mo ti bọ́ sọ́wọ́ wọn rí, ó sì ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí màmá tèmi lọ, ẹ̀gbà tí wọ́n máa ń wọ̀ sí òde ìyàwó ló kàn mí. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ká mi mọ́, ni mo bá kó o láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja. Ọkùnrin tó fẹ́ rà á gbé òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì kan síta, kò tóbi ju fóònù lọ. Ó kó ẹ̀gbà lé e, ó fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì kan, 80 yọ lójú rẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mọ́, ọgọ́rin gíráàmù ni." Ó ka owó ọgọ́rin gíráàmù fún mi, mo dúpẹ́, mo wọ mọ́tò padà sílé.

Mo rí lẹ́tà kéékèèké mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ 80 yẹn: dwt. Ó ju ọdún kan lọ kí alágbẹ̀dẹ ọmọ Bídà kan tó là mí lóye pé dwt kì í ṣe gíráàmù. Òṣùwọ̀n àwọn oníwúrà àti onífàdákà ni, ẹyọ kan rẹ̀ tó gíráàmù 1.555. Ọgọ́rin rẹ̀ á jẹ́ gíráàmù 124. Gíráàmù 44 fàdákà màmá mi ni mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì ọkùnrin yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, kí o tó wo nọ́ńbà, wo lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe g, ní kó yí i sí g. Bó bá ń bínú, kó ẹrù rẹ.

Ti fóònù wá ńkọ́? Iye tí o rí níbẹ̀ jẹ́ owó áúǹsì kan fàdákà tí kò ní àbùlà rárá, áúǹsì àwọn oníwúrà àti onífàdákà sì jẹ́ gíráàmù 31.1. Kì í ṣe áúǹsì 28.35 tí wọ́n fi ń wọn fúláwà. Bí o bá fi 28.35 pín in, owó gíráàmù á wú lójú rẹ, wàá máa bá ẹni ẹlẹ́ni jà lórí owó tí kò sí. Fàdákà tí wọ́n lu 925 sí lára, apá 925 nínú 1,000 ni fàdákà, bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù. Bí tìrẹ bá tó gíráàmù 200, 185 ni fàdákà inú rẹ̀. Ká ní áúǹsì kan jẹ́ 62 dọ́là, gíráàmù kan á jẹ́ bíi dọ́là méjì, gbogbo ẹrù rẹ á sì jẹ́ nǹkan bíi 370 dọ́là.

Oníṣòwò kò lè san gbogbo 370 yẹn. Òun náà máa tà á fún ẹni tó jù ú lọ, ìyẹn á kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, àwọn yẹn náà á gba owó iṣẹ́. Bí wọ́n bá yọ́ ọ, ìdọ̀tí àti òjé tí wọ́n fi lẹ ojú ìdè á kúrò, ìwọ̀n rẹ̀ á sì dín kù. Bí owó ọjà bá já kí ó tó tà á, òun ló gbé e. Ẹni tó bá fún mi ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbà á. Ẹni tó bá dá ìdajì lé e, mo máa ń kí i pé ó dàárọ̀.

Èrè tó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wọn ni ohun tí wọ́n rà ní owó àlòkù, ìyẹn bí ohun tí wọ́n fẹ́ yọ́, tí wọn kò sì yọ́. Ibẹ̀ ni ṣílè rẹ wà. Wo èyí tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn, tí wọ́n kọ British West Africa sí. Tí ọdún ara rẹ̀ bá wà láàárín 1913 sí 1919, fàdákà 925 ni, ṣílè kan sì tó gíráàmù 5.65. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ìdẹ rọ ọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kó owó àtijọ́ jọ, wọ́n lè san ju owó fàdákà inú rẹ̀ lọ bí ojú rẹ̀ bá ṣì mọ́. Jọ̀ọ́, má fi eérú tàbí iyanrìn fọ̀ ọ́! Mo fọ mẹ́fà bẹ́ẹ̀, wọ́n ń dán, ṣùgbọ́n ìlà igi ọ̀pẹ ti parẹ́, iye àlòkù ni wọ́n sì rà á.

Bí síbí bá wà nínú ẹrù náà tí o rí EPNS lẹ́yìn rẹ̀, yọ ọ́ sọ́tọ̀, fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì bá gbé kì í ṣe fàdákà, àmọ́ ìdẹ náà kò ní lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà má fi ìyẹn nìkan gbàgbọ́. Ẹ̀gbà tí alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa rọ kì í sábà ní òǹtẹ̀. Ní kí oníṣòwò ha inú rẹ̀ díẹ̀ lójú rẹ, kó kán ásíìdì náítíríìkì (nitric acid) sí i: bó bá hó ní àwọ̀ ewé, bàbà tàbí ìdẹ ni, bó bá funfun bíi wàrà, fàdákà ni.

Wá òṣùwọ̀n yá lálẹ́ òní, wọn ẹ̀gbà lọ́tọ̀, ṣílè lọ́tọ̀, kọ iye gíráàmù àti ọdún ara ṣílè kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Màá bá ọ ṣírò rẹ̀ kí o tó padà lọ bá ọkùnrin yẹn.